Ìkìlọ̀: Bí tẹlifíṣọ̀n ilé ìdáná bá ń jẹ etí àwòrán, ẹ má tíì san owó páńẹ́lì

Ẹ̀yin tí tẹlifíṣọ̀n kékeré inú ilé ìdáná yín ń jẹ etí àwòrán, ẹ ṣọ́ra. Irú àléébù yìí ni àwọn oníjìbìtì inú iṣẹ́ títún tẹlifíṣọ̀n ṣe fẹ́ràn jù, torí pé ó máa ń dẹ́rù ba ẹni tó ni ín, bẹ́ẹ̀ àtúnṣe rẹ̀ lè má ju kí èèyàn tẹ rìmóòtù lẹ́ẹ̀mẹta lọ. Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí: iwájú orí ẹni tó ń ka ìròyìn kò hàn, ọ̀rọ̀ tó ń sáré kọjá nísàlẹ̀ ku ìlàjì, iye góòlù tó wà ní igun òkè kò ṣeé kà. Tí ẹ bá gbé e dé ọ̀dọ̀ wọn, wọn ò ní tíì tàn án tí wọ́n á fi ní páńẹ́lì, ìyẹn gíláàsì tó ń gbé àwòrán jáde, ti kú.

Páńẹ́lì tó ń kú kì í sábà ṣe báyẹn. Ìlà ló máa ń fà láti òkè dé ìsàlẹ̀, tàbí kí apá kan ṣókùnkùn, tàbí kí nǹkan dúdú tàn ká inú rẹ̀ bí ìgbà tí yíǹkì bá dà sílẹ̀. Bí àwòrán bá mọ́ kedere, tí àwọ̀ rẹ̀ pé, tó kàn jọ pé wọ́n fà á tóbi ju ojú ẹ̀rọ lọ, ètò inú tẹlifíṣọ̀n (settings) ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi ooru àti èéfín ilé ìdáná dá yín lẹ́bi. Èéfín àti òróró lè ba ibi tí iná ń gbà wọlé jẹ́, wọ́n sì lè mú kí ẹnu wáyà inú rẹ̀ dípẹtà, ṣùgbọ́n wọn kì í gé àwòrán ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́gbọọgba.

Ibi tí wàhálà yìí ti wá nìyí. Nínú tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ tí ẹ̀yìn rẹ̀ yọ gọngọ, etí àwòrán kì í dúró lójú kan, nítorí náà àwọn tó ń ṣe é máa ń fa àwòrán tóbi díẹ̀ kí etí tó ń gbọ̀n lè fara pamọ́ sẹ́yìn férémù. Overscan ni orúkọ rẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ kò nílò rẹ̀ mọ́, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ṣì ń ṣe é, wọ́n á gé bí ìdá 5 nínú 100 kúrò lára àwòrán. Lójú ẹ̀rọ ńlá, ó lè má hàn síni. Lójú ẹ̀rọ kékeré tí ẹ̀ ń wò láti ẹ̀gbẹ́ ààrò, ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ ló kọ́kọ́ máa ń bá a lọ.

Àyẹ̀wò kan wà tó máa fi òpùrọ́ hàn. Ẹ tẹ Menu lórí rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n fúnra rẹ̀, kì í ṣe ti dikódà. Tẹlifíṣọ̀n ló ń ya mẹ́nù yìí fúnra rẹ̀ lé orí àwòrán, lẹ́yìn tó ti fa àwòrán yẹn tóbi tán. Bí etí mẹ́nù bá pé, tí ẹ sì rí gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, a jẹ́ pé páńẹ́lì le koko. Ẹnikẹ́ni tó bá rí mẹ́nù tó pé tó ṣì ń pariwo páńẹ́lì, àpò yín ló ń wò.

Ẹ wá bọ̀tìnì tí wọ́n kọ Aspect, P.Size, Zoom, Wide tàbí Format sí. Bó bá wà lórí Zoom, ẹ gbé e sí 16:9, ìyẹn ìwọ̀n àwòrán fífẹ̀. Bí etí bá ṣì ń gé, ẹ wọ inú ètò àwòrán, kí ẹ wá èyí tó ń fi àwòrán hàn láìfà á rárá. Orúkọ tí oníkálùkù fún un yàtọ̀: LG ń pè é ní Just Scan, Samsung ní Screen Fit, Sony ní Full Pixel, Sharp ní Dot by Dot, Philips ní Unscaled. Lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, ojúhò HDMI, ibi tí wọ́n ń ki okùn dikódà tàbí láptọ́ọ̀pù sí, nìkan ló ti máa ń jáde, ojúhò kọ̀ọ̀kan sì lè ní ètò tirẹ̀, torí náà ẹ má rò pé bẹ́ ẹ ṣe tún HDMI 1 ṣe ti kan HDMI 2. Lórí àwọn Samsung kan, kí ẹ yí orúkọ ojúhò náà sí PC ti tó.

Ẹ wo dikódà pẹ̀lú. Bí òun bá wà lórí 4:3 (ìwọ̀n ojú tẹlifíṣọ̀n àtijọ́) tàbí center cut-out, ó lè jẹ́ pé òun ló ti gé ẹ̀gbẹ́ méjèèjì dànù kí àwòrán tó dé ọ̀dọ̀ tẹlifíṣọ̀n. Bí tẹlifíṣọ̀n náà bá tún wà lórí Zoom, gígé di ìlọ́po méjì. Àwọn àpótí Android náà ní ibi tí wọ́n ti ń sún àwòrán tàbí dín in kù nínú ètò Display.

Àwọn ẹ̀rọ kékeré kan tí kò lórúkọ kò fi ètò yìí sínú mẹ́nù lásán. Inú mẹ́nù àwọn oníṣẹ́ ló wà, èyí tí wọ́n ń fi nọ́ńbà àdììtú ṣí. Ẹ má tọ́ ọ wò fúnra yín: bí ọwọ́ bá ṣèèṣì yí irú páńẹ́lì tó wà níbẹ̀, ojú ẹ̀rọ lè ṣókùnkùn pátápátá. Ibẹ̀ gan-an ni jìbìtì ti ń wáyé. Oníṣẹ́ náà á wọlé, á yí overscan padà láàárín ìṣẹ́jú méjì, á ní kí ẹ padà wá lọ́la, á sì gba owó páńẹ́lì.

Ẹ bi í pé páńẹ́lì àtijọ́ dà. Gíláàsì tó fẹ̀ tó ojú tẹlifíṣọ̀n kì í sọnù sí abẹ́ tábìlì. Lẹ́yìn náà, ẹ wo orí nọ́ọ̀tì ẹ̀yìn rẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n tó ti pẹ́ nílé ìdáná máa ń ní eruku tó lẹ̀ mọ́ òróró nínú ojú nọ́ọ̀tì àti lójú àwọn ihò atẹ́gùn. Bí eruku yẹn bá ṣì dì síbẹ̀, tí sukudiráfà kò tíì fá a, kò sẹ́ni tó ṣí i. Kí ẹ tó fi í sílẹ̀, ẹ ya fọ́tò àwọn nọ́ọ̀tì yìí àti nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Jìbìtì kejì tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: kí wọ́n yọ bọ́ọ̀dù yín tó dáa, ìyẹn pátákó inú tẹlifíṣọ̀n tó ń darí rẹ̀, kí wọ́n fi bọ́ọ̀dù tí wọ́n ṣe fún oríṣiríṣi tẹlifíṣọ̀n sí i. Ẹ máa mọ̀, torí wọ́n á fún yín ní rìmóòtù mìíràn, àmì tó ń jáde nígbà tó bá ń tàn á yàtọ̀, bọ̀tìnì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lè má ṣiṣẹ́ mọ́. Bọ́ọ̀dù yìí nílò sọ́fítíwíà tó bá páńẹ́lì mu. Bí páńẹ́lì bá jẹ́ 1366×768 (iye àmì tíntìntín tó to àwòrán, ní ìbú àti ní òró) tí wọ́n sì fi ti 1920×1080 sí i, àwòrán lè pín sí méjì, ó sì lè kọjá ojú ẹ̀rọ, nígbà yẹn mẹ́nù fúnra rẹ̀ á gé. Ibì kan tún wà lórí rẹ̀ tí wọ́n ti ń yan iná páńẹ́lì: 3.3V, 5V tàbí 12V. Ẹni tó bá yan 12V fún páńẹ́lì 5V ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ sun ún.

Bó bá jẹ́ pé òmíràn lẹ fẹ́ rà, ẹ ṣọ́ àwọn tó ń ta àlòkù. Fíìmù láti orí fíláàṣì ni wọ́n máa ń gbé sí i tí kò ní dáwọ́ dúró, wọ́n á sì ní rìmóòtù ti sọnù. Láìsí rìmóòtù, ó lè ṣòro fún yín láti rí mẹ́nù, ìdí tí wọ́n fi ní ó sọnù nìyẹn. Ẹ gbé láptọ́ọ̀pù àti okùn HDMI tiyín lọ. Ẹ ya àwòrán kan tó ní ìlà pupa tín-ín-rín yí etí rẹ̀ ká, kí ẹ gbé e síbẹ̀ kó kún ojú ẹ̀rọ, lẹ́yìn tí ẹ ti pa overscan. Bí ìlà kan kò bá hàn, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti ki páńẹ́lì tó yàtọ̀ sínú férémù náà.

Ẹ wọn ojú rẹ̀ láti igun dé igun, gíláàsì tó ń tàn nìkan, láìka férémù: íǹṣì 19 jẹ́ 48.3 cm, 22 jẹ́ 55.9 cm, 24 jẹ́ 61 cm. Síkà tí wọ́n kọ 1080p (ìyẹn 1920×1080) sí lè jẹ́ pé ó gba àmì 1080p wọlé ni, tí páńẹ́lì rẹ̀ kò sì ju 1366×768 lọ. Ọ̀rọ̀ wínníwínní láti orí láptọ́ọ̀pù á fi hàn: bí ẹsẹ̀ lẹ́tà bá ń ṣe bàìbàì, kò tó iye tí wọ́n kọ. Bí ó bá sì jẹ́ ojú 4:3 àtijọ́, irú 1024×768, àwòrán fífẹ̀ á ní dúdú lókè àti nísàlẹ̀, tàbí kó gé lẹ́gbẹ̀ẹ́. Kò sí ètò tó lè yọ méjèèjì kúrò láìfún àwòrán pọ̀, kò sì sí oníṣẹ́ tó yẹ kó gba kọ́bọ̀ lé e lórí.