Bátìrì 90 tó ń gbé Hilux dísù mi láàárín Àbújá àti Jos

Ọjà Farin Gada ni mo wà ní Jos, oṣù December ọdún 2022, aago 4:30 ìdájí. Mo ti di pòtétò àti kábéèjì kún ẹ̀yìn Hilux mi dé ẹnu, àwọn ìyá tó ń rà á lọ́wọ́ mi ní Nyanya, ní Àbújá, sì ti pè mí lálẹ́ pé kí n má pẹ́. Mo yí kọ́kọ́rọ́. Iná dáṣíbọ́ọ̀dù tàn, ó ṣe bàìbàì, ó kú. "Tà-tà-tà-tà" nìkan ni mo ń gbọ́ lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ọyẹ́ ń bẹ níta, ọwọ́ mi ti kú tipiri. Ilẹ̀ ti mọ́ gbòò kí awakọ̀ Haúsá kan tó wá bá mi fa wáyà láti orí bátìrì tirẹ̀. Nígbà tí mo fi máa dé Nyanya, àwọn oníbàárà mi ti ra ti ẹlòmíràn. Mo pàdánù nínú kábéèjì yẹn gan-an.

Ó ti tó oṣù méjì tí ọkọ̀ náà ti ń lọ́ra láti dìde láàárọ̀. Ríwáyà kan ní Àbújá ní hítà plọ́ọ̀gì ni, èyí tó ń mú inú ẹ́ńjìnì gbóná kí ó tó dìde. A pààrọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Lẹ́yìn náà ó ní kíkísítátà ni, mọ́tò tó ń yí ẹ́ńjìnì kí ó lè dìde. A tú u palẹ̀, a pààrọ̀ búrọ́ọ̀ṣì inú rẹ̀. Ìgbà tó wá yíjú sí bátìrì, àsídì tuntun ló bù sí i. Ìyẹn ló ń dùn mí títí dòní, torí ojú mi ló ti ṣe é. Omi ló máa ń gbẹ kúrò nínú bátìrì, àsídì kì í bá a lọ. Bí ẹ bá da àsídì kún èyí tó wà níbẹ̀, á le jù, á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ àwọn páànù òjé inú rẹ̀. Distilled water nìkan ni kí ẹ máa bù sí bátìrì olómi, kì í ṣe omi ẹ̀rọ, kì í ṣe omi píọ́wọ́tà. Bátìrì mi gbádùn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn àsídì yẹn, ó wá dá mi dúró sí Farin Gada.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó ń wa dísù ní ìhà ibí mọ̀ ni pé òtútù Jos kọ́ ló pa bátìrì yẹn. Ooru Àbújá ló pa á. Òtútù kàn tú àṣírí rẹ̀ ni.

Ẹ́ńjìnì dísù kò ní plọ́ọ̀gì tó ń ṣáná. Afẹ́fẹ́ ló ń fún pọ̀ títí á fi gbóná débi pé bí epo bá ti wọlé, ó gbiná. Ẹ́ńjìnì pẹtiróòlù máa ń fún afẹ́fẹ́ ní ìlọ́po bíi 10. Ti dísù máa ń tó 16 sí 18. Kíkísítátà ló ń ru gbogbo ẹrù yẹn, bátìrì ló sì ń bọ́ kíkísítátà, lẹ́yìn tí hítà ti kọ́kọ́ jẹ nínú iná náà. Tí òru Jos bá wá tutù dé bíi 10°C, ọ́ìlì á ki, agbára bátìrì á sì dínkù. Bátìrì tó ti gbó ṣì lè gbé ọkọ̀ pẹtiróòlù dìde. Dísù ò ní gbà.

Ẹ wá wo March àti April ní Àbújá, tí ìta bá lé ní 37°C, tí ẹ wà nínú gosíló. Abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì gbóná ju ìta lọ fíìfíì. Bí ooru bá ti fi 10°C lé sí i, ìjẹrà inú bátìrì máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Ẹ ò ní mọ̀ nígbà náà, torí ẹ́ńjìnì gbígbóná rọrùn láti yí. Ìgbà ọyẹ́ lẹ máa mọ̀.

Ọ̀dọ̀ bàbá ará Ògbómọ̀ṣọ́ kan ní Apo, ní Àbújá, ni mo ti ra èyí tí mò ń lò báyìí, January 2023. Mo ní, "Ẹ káàsán sà, bátìrì 90 ni mo fẹ́." Bàbá ní, "Ọmọ mi, 90 ni bí dúrọ́ọ̀mù ṣe tóbi tó. Bí ẹnu ẹ̀rọ rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó ńkọ́?" Ó fi ìka tọ́ CCA lára bátìrì. Nọ́ńbà yẹn ni iye iná tí bátìrì lè tú jáde fún ìṣẹ́jú àáyá 30 nínú òtútù −18°C kó tó já sí 7.2 volt. Òtútù Jos ò dé ibẹ̀ rárá, ṣùgbọ́n òun ni ẹ lè fi mọ èyí tó lágbára. Bátìrì méjì wà níwájú mi, 90Ah (iye iná tó ń gbà sínú) ni wọ́n kọ sí méjèèjì: CCA ọ̀kan jẹ́ 600, ti èkejì 750. Mo mú 750, ti Kòríà, èyí tí wọ́n dé pa tí a kì í bu omi sí.

Èyí tí bàbá kọ́kọ́ gbé fún mi nínú irú 750 yẹn, mítà tó ń wọn iná ka 12.2 volt. Ìdajì agbára nìyẹn, ó ti jókòó pẹ́ lórí pẹpẹ. Mo ní kó jọ̀ọ́, kó gbé òmíràn wá. Èyí tó tẹ̀ lé e ka 12.6, déètì tí wọ́n lù sára rẹ̀ kò sì tíì pé oṣù mẹ́rin. Ẹ má tijú láti ní kí wọ́n wọ̀n ọ́n lójú yín. Ẹ gbé ti àtijọ́ dání pẹ̀lú, kí ẹ fi wo ẹ̀gbẹ́ tí orí pọ́sítíìfù wà. Bí ó bá yí padà, wáyà ọkọ̀ lè má tó o. Ní ti tòkunbọ̀, mo ti ra á rí. Oṣù márùn-ún péré ló lò.

Oṣù 33 rèé tí mo ti ń lo ti Apo yìí. Kò já mi kulẹ̀ rí níbi ọjà. Àléébù rẹ̀ wà o. Okùn tí a fi ń gbé e ti já láti ọdún kìíní. Ojú kékeré aláwọ̀ ewé orí rẹ̀, tó yẹ kó fi hàn bóyá bátìrì dára, náà kò tó gbọ́kàn lé: sẹ́ẹ̀lì (yàrá inú bátìrì) kan péré nínú mẹ́fà ló ń wò. Ọ̀rẹ́ mi ra irú rẹ̀ gan-an. Sẹ́ẹ̀lì mìíràn kú nínú tirẹ̀, ojú ṣì dúró ní àwọ̀ ewé. Mítà ni kí ẹ gbà gbọ́.

Ìléyá 2024 mo lọ sílé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo dé, mo bá 11.8. Tracker àti álààmù ló ń fà á díẹ̀díẹ̀. Bátìrì tó bá pẹ́ nínú ebi báyìí, iyọ̀ funfun á dì mọ́ òjé inú rẹ̀, kò sì ní gba iná dáadáa mọ́. Mo gbé e lọ ṣájì díẹ̀díẹ̀ mọ́jú. Láti ìgbà náà, bí mo bá máa rìnrìn àjò, mo máa ń tú orí nẹ́gétíìfù. Òun ni ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tú, òun náà lẹ máa dè kẹ́yìn, kí sípánà má baà kan irin ọkọ̀ kó ṣáná.

Ìtọ́jú tó kù kò gba wákàtí kan lóṣù. Ìdọ̀tí tó ń hù lórí tẹ́míńnà (orí bátìrì tí wáyà ń dè mọ́), funfun tó ní àwọ̀ ewé díẹ̀, omi gbígbóná àti baking soda ni mo fi ń fọ̀ ọ́. Á hó ṣìì, á ru bí ọṣẹ, á sì ṣàn lọ. Mo á nu ún gbẹ, kí n fi Vaseline ra á. Eruku ọyẹ́ náà kò gbọdọ̀ pẹ́ lórí rẹ̀. Bí ó bá gba ọ̀rinrin, iná á máa gba ara rẹ̀ jò. Irin tó di bátìrì mọ́lẹ̀ ti sọnù nígbà tí mo ra ọkọ̀, róbà táyà ni wọ́n fi so ó. Mo lọ ṣe irin tuntun. Kòtò ojú ọ̀nà Keffi sí Akwanga tó láti gbọn òjé inú bátìrì já.

Ẹ má sì gbà kí ríwáyà kankan yọ orí bátìrì nígbà tí ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́, kó ní òun ń wo alternator, ẹ̀rọ tó ń ṣájì bátìrì. Ó lè jó kọ̀ǹpútà ọkọ̀. Mítà ni kó fi wò ó: 13.8 sí 14.5 ló yẹ kó kà.

Lóṣù October 2025, mo wọ̀n ọ́n láàárọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó tan ọkọ̀: 12.5. Mo ní kí ọmọ mi yí kọ́kọ́rọ́ bí mo ṣe ń wo mítà. Ó já sí 10.3, ọkọ̀ dìde. Lọ́jọ́ tó bá já wá sísàlẹ̀ 9.6, mà á lọ bá bàbá ní Apo, bí ó tilẹ̀ ṣì ń gbé ọkọ̀ dìde ní Àbújá.