Ìkìlọ̀ fún ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ilé àtijọ́: ẹ ṣọ́ra fún àwọn tó ń ta powerline adapter

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí kí ẹ tó fi owó ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Àwọn kan ń polówó powerline adapter, ẹ̀rọ kékeré kan tí wọ́n ń kì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì iná, káàkiri WhatsApp, àwa tí Wi-Fi wa kì í dé yàrá ẹ̀yìn ni wọ́n sì ń dọdẹ. "Ẹ ṣáà fi í sínú sọ́kẹ́ẹ̀tì, gbogbo ilé á gbà á." Ọ̀kan nínú wọn tiẹ̀ sọ fún àbúrò mi ní Ìbàdàn pé kò ní ra dátà mọ́.

Irọ́ gbuu ni! Nǹkan yìí kì í pèsè íntánẹ́ẹ̀tì. Èyí tó wà lára róútà yín ló ń gbé gba inú wáyà iná lọ sí yàrá mìíràn, ìdí nìyẹn tó fi gbọ́dọ̀ jẹ́ méjì, ó kéré tán. Ẹyọ kan ṣoṣo ni ọ̀gbẹ́ni náà tà fún un, tòkúnbọ̀ láti Lọ́ńdọ̀n. Nígbà tó padà lọ ṣàròyé, wọ́n tún gba owó èkejì lọ́wọ́ rẹ̀. HomePlug AV ni ti àkọ́kọ́, G.hn ni wọ́n wá fi kún un, ìlànà ìbánisọ̀rọ̀ ẹ̀rọ méjì tó yàtọ̀ síra ni wọ́n. Àwọn méjèèjì yẹn kò lè bára wọn ṣiṣẹ́ láéláé.

Ẹ má sì jẹ́ kí nọ́ńbà ara páálí tàn yín. Wọ́n á kọ 500 tàbí 600 Mbps (ìwọ̀n ìyára íntánẹ́ẹ̀tì) gàdàgbà síwájú, ihò tí okùn nẹ́tíwọ̀kì ń wọ̀ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ wọn kò sì gbà ju 100 lọ. Ilé tuntun nìyẹn o. Nínú ilé àtijọ́, tí wọ́n ti fọwọ́ lọ́ wáyà pọ̀ nínú àjà tí wọ́n fi téèpù wé e, ó lè wálẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Àwọn HomePlug AV2 (irú tó tuntun ju AV lọ) olówó gọbọi tí wọ́n kọ MIMO sí lára ń lo wáyà earth pẹ̀lú; bí ilé yín kò bá ní in, ẹ ti san owó àsanù. Bí pálọ̀ bá wà lórí phase kan, tí yàrá wà lórí òmíràn, ó lè má gbà rárá. Bákan náà ni bí inverter bá ń gbé apá kan ilé. Ṣájà ayédèrú nìkan tó láti da gbogbo rẹ̀ rú.

Bí wọ́n bá tún fẹ́ ta extension tó ní surge protector mọ́ ọn fún yín, ẹ má gbà. Irú rẹ̀ sábà máa ń dí i lọ́nà. Sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri gan-an ni kí ẹ ti lò ó. Àmọ́ bí sọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn bá ń gbóná tàbí tó ń ta iná, ẹ pe oníṣẹ́ iná ná.

Ẹni tó bá dá ọjà rẹ̀ lójú, ẹ ní kó gbé e wá sílé, kó fi ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ róútà, èkejì sí yàrá tí ẹ fẹ́ lò, kó fi í gba fídíò sílẹ̀ lójú yín. Bó bá ní kí ẹ kọ́kọ́ san owó ìdánwò, ẹ jẹ́ kó máa lọ. Okùn nẹ́tíwọ̀kì Cat 6 lásán lè rìn tó mítà 100, kò sì bá wáyà iná yín da nǹkan kan pọ̀.