Quad9 lórí server Ubuntu wa l'Ágbowó: ó tẹ́ mi lọ́rùn gan-an

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní server Linux ní ṣọ́ọ̀bù tàbí ọ́fíìsì n'Ìbàdàn yìí, ẹ gbìyànjú Quad9 wò o, DNS ọ̀fẹ́ (DNS ló ń bá kọ̀ǹpútà wá nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn orúkọ wẹ́ẹ̀bù) tó wà lórí 9.9.9.9, òun la ń lò l'Ágbowó báyìí, ọkàn mi sì balẹ̀. DNS ti àwọn tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì fún wa ló sú mi pátápátá. Tó bá ti di ọ̀sán táwọn stúdẹ́ǹtì ya wọlé láti tẹ project, dátà wà, ẹ ping 8.8.8.8 (nọ́ńbà DNS ti Google) ó ń lọ geerege, àmọ́ kẹ́ ẹ wá tẹ orúkọ wẹ́ẹ̀bù, kò ní ṣí, oníbàárà á sì dúró tì yín lórí.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù lára Quad9 ni pé tí kọ̀ǹpútà bá béèrè orúkọ wẹ́ẹ̀bù tí wọ́n ti mọ̀ pé ti gbájú-ẹ̀ tàbí ti fáírọ́ọ̀sì ni, NXDOMAIN (ìyẹn ni pé orúkọ yẹn ò sí) ló máa dá padà, ọ̀rọ̀ parí. Níbi tí flash ẹni gbogbo ti ń wọ kọ̀ǹpútà, kékeré kọ́ nìyẹn o! 8.8.8.8 ti Google ti wà láti 2009, 1.1.1.1 ti Cloudflare dé ní 2018, àwọn náà dáa, àmọ́ àwọn méjèèjì yẹn kì í dí irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ (ti Cloudflare tó ń dí i, 1.1.1.2 ni). Ní ti eré sísá, ẹ fojú ara yín rí i, ẹ tẹ dig @9.9.9.9 ui.edu.ng, kẹ́ ẹ wo Query time nísàlẹ̀, kẹ́ ẹ tún fi 8.8.8.8 ṣe bákan náà.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ yí i lórí Ubuntu, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fọwọ́ kan /etc/resolv.conf, líǹkì lásán nìyẹn, 127.0.0.53 lẹ máa bá níbẹ̀, ohun tẹ́ ẹ bá sì kọ sí i máa pòórá tó bá yá. Inú /etc/systemd/resolved.conf ni kẹ́ ẹ lọ, lábẹ́ [Resolve], ẹ kọ ọ́ báyìí (ìlà kejì ló ń fi DNS yín pamọ́ lójú ọ̀nà):

DNS=9.9.9.9#dns.quad9.net 149.112.112.112#dns.quad9.net
DNSOverTLS=yes

Lẹ́yìn náà ẹ tẹ sudo systemctl restart systemd-resolved, kẹ́ ẹ fi resolvectl status yẹ̀ ẹ́ wò. Ibẹ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń rò pé iṣẹ́ ti parí, tí DNS tí router pín ṣì jókòó pẹ̀sẹ̀ lábẹ́ interface (ojú ibi tí network ń gbà wọlé), àfi kẹ́ ẹ wọ fáìlì netplan, tó ń ṣètò network lórí Ubuntu, kẹ́ ẹ fi use-dns: false sábẹ́ dhcp4-overrides, kẹ́ ẹ wá tẹ sudo netplan apply.

Ibi tó kù díẹ̀ káàtó ni pé 9.9.9.9 kì í sọ àdúgbò tẹ́ ẹ wà fáwọn wẹ́ẹ̀bù ńláńlá, wọ́n lè wá gbé fídíò láti ibi tó jìn fún yín. Tíyẹn bá ń dà yín láàmú, ẹ lo 9.9.9.11. Kẹ́ ẹ sì rí i pé firewall ṣí port 853, ibẹ̀ ni DNSOverTLS ń gbà, torí yes tẹ́ ẹ kọ síwájú rẹ̀ yẹn, tí 853 bá ti dí, kò ní padà sí port 53 tí DNS lásán ń gbà láéláé.