Ìbọ̀wọ́ tí mo fi ń nu ewé fúláwà ńlá inú ilé, mi ò ra oògùn tó ń mú ewé dán mọ́

Ọdún kan gbáko ni mo fi rò pé monstera mi, fúláwà eléwé ńlá tó máa ń ní ihò lára ewé, ń ṣàìsàn. Ewé ẹ̀ kàn ń ṣú ni, mò ń bomi rin ín, mò ń fún un ní ajílẹ̀, mo tún gbé e sún mọ́ fèrèsé, pàbó ló já sí. Ọjọ́ kan ni mo kàn fi àtàǹpàkò fa ìlà lórí ewé kan báyìí, ni àtàǹpàkò mi bá dúdú, ibi tí mo fà sì ń dán gbinrin bí ìgbà tí ewé yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Eruku ni o! Eruku lásán.

Kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà nìkan o. Ìmọ́lẹ̀ ni ewé fi ń ṣe oúnjẹ ara ẹ̀, teruku bá ti bò ó, ìmọ́lẹ̀ tó ń wọlé sí i á dín kù. Òjò ló ń bá wa fọ tìta, tinú ilé ò lẹ́ni tó máa fọ̀ ọ́ àfi ẹni tó gbé e wọlé, àwọn eléwé gbàràmù bíi monstera, igi rọ́bà àti fiddle leaf fig ló sì ń gba eruku jù.

Ohun tí mo kọ́kọ́ rà ni oògùn tó ń mú ewé dán, èyí tí wọ́n ń fín. Mi ò ní parọ́, ọjọ́ àkọ́kọ́ ó dùn ún wò, ewé ń kọ mọ̀nà bíi bàtà tí wọ́n fi pólíìṣì sí. Kó tó pé ọ̀sẹ̀ méjì, eruku ti lẹ̀ mọ́ òróró inú ẹ̀, ó wá ń fà bíi gọ́ọ̀mù, nínù ẹ̀ wá le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni mo tó ráyè ka ohun tí wọ́n kọ sára ike, pé kí n má fín in sábẹ́ ewé rárá, torí abẹ́ ewé ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ihò tín-ín-tìn-tín tó fi ń mí wà, òróró sì lè dí i. Èmi tí mo ti fín in lókè nísàlẹ̀ ńkọ́? Ìràwọ̀ kan nínú márùn-ún, ọ̀kan yẹn náà torí ike ẹ̀ ni, mo ti fọ̀ ọ́, omi ni mò ń rọ sí i báyìí.

Mo gbìyànjú mílíìkì náà o, torí àwọn kan ní ó ń mú ewé dán. Ọjọ́ kẹta, ó ń rùn. Ẹ jẹ́ ká fi síbẹ̀.

Ìbọ̀wọ́ microfiber yìí, aṣọ tí òwú ẹ̀ tín-ín-rín gan-an, ló wá yọ mí. Méjì ni, tọ̀tún tòsì, ó ní irun kúkúrú kúkúrú bíi ti tówẹ̀ẹ̀lì. Mo máa ń fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ rin ín díẹ̀, màá fún un dáadáa kó má máa kán, ọwọ́ kan á wà lábẹ́ ewé, ìkejì á wà lókè, màá wá fà á láti ìdí lọ sí ṣóńṣó. Ìgbà tí mò ń lo àkísà, ọwọ́ kan ṣoṣo ló ń ṣiṣẹ́, mo sì ti fi bẹ́ẹ̀ ya ewé kan tó wù mí gan-an. Tèyí, ọwọ́ tó wà nísàlẹ̀ ti gbé ewé dúró. Ẹ wo àtẹ́lẹwọ́ ìbọ̀wọ́ yẹn lẹ́yìn ewé márùn-ún, ẹ̀rù á bà yín.

Ó ní wàhálà tiẹ̀ ṣá. Ojú ibi tí wọ́n ti rán àárín ìka yẹn nípọn jù, ó máa ń há sínú ihò ewé monstera, mo sì ní láti máa fi sùúrù yọ ọ́. Ó tún tóbi lọ́wọ́ mi. Ẹ má fi oògùn tó ń mú aṣọ rọ̀ fọ̀ ọ́, kò ní lè gbá eruku mú dáadáa mọ́. Àṣìṣe tèmi sì rèé: mo fi nu igi kan tó ní spider mite, kòkòrò kékeré tó ń ta òwú, lábẹ́ ewé, mi ò fọ̀ ọ́, mo gbà bẹ́ẹ̀ bọ́ sórí igi rọ́bà, kò pẹ́ tí mo rí òwú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bíi ti aláǹtakùn níbẹ̀ náà. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kó kòkòrò ràn án. Báyìí, mo ń fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ kí n tó bọ́ sórí igi mìíràn.

Omi tó bá le, ìyẹn èyí tí èròjà bíi ẹfun pọ̀ nínú ẹ̀, máa ń fi àpá funfun sílẹ̀ lára ewé, omi òjò ni mo fi ń rin ín. Ewé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń là, mi ò fọwọ́ kàn án àfi tó bá gbó díẹ̀. Ewé onírun bíi ti African violet, búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ni kẹ́ẹ lò, ìbọ̀wọ́ yìí ò wà fún un. Àwọn tí ara wọn ní ẹfun funfun, ẹ má nù ún o, ẹfun yẹn ni aṣọ wọn.

Ìràwọ̀ mẹ́rin. Ẹni tó bá bá mi tún àárín ìka yẹn rán, kó wá gba ìkarùn-ún.