Àwòṣe Bíríkì Àfọwọ́dá: Àkọsílẹ̀ Ẹyọ Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Wò, Kì Í Ṣe Àwòrán

Àwòrán ló máa ń ta àwòṣe bíríkì. Ẹ rí ọkọ̀ ojú irin àtijọ́ kan, tàbí ilé olókè mẹ́rin tí iná ń tàn lójú fèrèsé rẹ̀, tí olólùfẹ́ bíríkì ìṣeré oníke LEGO kan fi ọpọlọ ara rẹ̀ dá, tí kò sí irú rẹ̀ nínú páálí kankan ní ìsọ̀. Ojú yín wọ̀ ọ́, ẹ sì fẹ́ sanwó lójú ẹsẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dúró díẹ̀. Irú iṣẹ́ yìí, tí àwọn tó wà nídìí rẹ̀ ń pè ní MOC (My Own Creation), ní ìwé kan tó yẹ kó ṣáájú àwòrán lójú yín: àkọsílẹ̀ ẹyọ. Inú rẹ̀ la ti ń rí irú bíríkì tí iṣẹ́ náà gbà, àwọ̀ wọn, àti iye ọ̀kọ̀ọ̀kan. Òun ló ń sọ iye tí àwòṣe náà máa ná yín gan-an, òun ló sì ń sọ bóyá ẹ lè rí i kó jọ rárá. Òǹtajà tó bá kọ̀ láti fi hàn yín kí ẹ tó sanwó, ẹ kọjá lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn.

Àwọn ọ̀nà tí MOC ń gbà dé ọwọ́ oníbàárà ni mo fẹ́ fi wéra níbí. Wọn kò dọ́gba, mi ò sì ní ṣe bí ẹni pé wọ́n dọ́gba.

Páálí tí ẹ ti ní, ẹ tún un tò

Ibi pẹlẹbẹ la ti ń mú ọ̀ọ̀lẹ̀ jẹ. Ẹni tí kò bá tíì ra MOC rí, àtúntò ni kó fi bẹ̀rẹ̀: oníṣẹ́ kan á mú bíríkì inú páálí LEGO kan ṣoṣo, á fi wọ́n ṣe nǹkan mìíràn pátápátá, tí mọ́tò á fi di bàlúù. Tí páálí yẹn bá ti wà nílé, ìlànà, ìyẹn ìwé tó ń ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń tò ó, nìkan ni ẹ máa sanwó fún, tí kì í bá tiẹ̀ ṣe ọ̀fẹ́. Ohun tó kù díẹ̀ káàtó ni pé àwọ̀ àti ẹyọ tí oníṣẹ́ lè yàn kò pọ̀, nítorí náà ẹ máa rí ibì kan tí àwọ̀ rẹ̀ kò bá ìyókù mu. Síbẹ̀, kò sí ọ̀nà tó rọrùn jù ú lọ láti mọ̀ bóyá irú iṣẹ́ yìí bá yín lára mu.

Ìlànà nìkan, tàbí odidi páálí?

Ibí ni owó ti ń yàtọ̀ jù lọ.

Ẹni tó ra ìlànà nìkan, ọgbọ́n oníṣẹ́ ló rà. Orí ìkànnì Rebrickable ni ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ń gbé tiwọn sí, àwọn kan lọ́fẹ̀ẹ́, àwọn kan lówó. Ẹ máa rí àkọsílẹ̀ ẹyọ níbẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Tí ẹ bá sì ti kọ orúkọ àwọn páálí tí ẹ ní sílẹ̀ lórí ìkànnì náà, á ṣírò fún yín iye ẹyọ tó ti wà lọ́wọ́ yín. Ó wá ku kí ẹ wá bíríkì tó kù. BrickLink ni ọjà tó lókìkí jù fún un. Wọ́n dá a sílẹ̀ ní 2000, ilé-iṣẹ́ LEGO sì rà á ní 2019. Àwọn òǹtajà kéékèèké láti ilẹ̀ oríṣiríṣi ló pàtẹ síbẹ̀, ti tuntun ti àlòkù. LEGO fúnra rẹ̀ náà ń ta bíríkì ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan lábẹ́ orúkọ Pick a Brick, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹyọ ní gbogbo àwọ̀ ló wà níbẹ̀.

Iye ẹyọ ló ń ṣi ọ̀pọ̀ oníbàárà lọ́nà. Wọ́n á rí àwòṣe méjì, ọ̀kan gba ẹyọ 2,000, èkejì gba 3,000, wọ́n á sì gbà pé ti àkọ́kọ́ ló máa dínwó. Ó lè máà rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹyọ kan ṣoṣo tí LEGO ṣe ní àwọ̀ kan fún páálí kan péré, tí kò sì ṣe é mọ́, lè wọ́n ju ọ̀pọ̀ bíríkì dúdú lásán lọ. Ẹ wo àwọ̀ eérú dáadáa nínú àkọsílẹ̀ náà. Ní nǹkan bí 2004 ni LEGO pààrọ̀ àwọ̀ eérú rẹ̀ méjèèjì àti búráùn rẹ̀. BrickLink ń pe eérú fífẹ́rẹ́ ti àtijọ́ ní Light Gray, ó ń pe ti ìsinsìnyí ní Light Bluish Gray. Lórí ìwé, ọ̀rọ̀ kan péré ló yà wọ́n. Tí ẹ bá tò wọ́n pọ̀ sára ògiri kan, ojú á rí ìyàtọ̀ wọn kíákíá. Oníṣẹ́ tí kò fara balẹ̀ lè mú ti àtijọ́ nínú ètò kọ̀ǹpútà rẹ̀, ẹ̀yin á sì máa wá ohun tí wọn kò ṣe mọ́ kiri, nígbà tí ti tuntun tó pọ̀ lọ́jà máa ṣe iṣẹ́ kan náà.

Àǹfààní ńlá wà níbí tí ẹni tó ra odidi páálí kò ní: ẹ lè ṣe àyípadà. Bíríkì tó wà nínú ikùn àwòṣe, tí ojú kò lè dé, kò pọn dandan kó jẹ́ àwọ̀ tí oníṣẹ́ kọ. Ẹ fi àwọ̀ tó pọ̀ jù lọ́jà dí i, tàbí àlòkù. Nínú àwòṣe òkè, àpáta tàbí ilé ńlá, ibi tí ojú kò dé yìí kì í kéré, owó tó ń fi pamọ́ fún yín náà kì í kéré. Àlòkù búráùn onípupa àti pupa dúdú nìkan ni kí ẹ ṣọ́ra fún, pàápàá níbi tó ń gbé ìwúwo tàbí tí ẹ máa ń tú. Gbogbo ẹni tó ti pẹ́ nídìí bíríkì ló mọ̀ pé àwọn tó ti pẹ́ nínú àwọ̀ méjì yẹn máa ń sán.

Wàhálà rẹ̀ wà lọ́nà. Òǹtajà kọ̀ọ̀kan ló ń gba owó ìfiránṣẹ́ tirẹ̀, àwọn mìíràn sì ní iye tí wọn kì í tà dín sí. Ẹni tó bá lọ ń ṣa ẹyọ tó dínwó jù lọ́wọ́ òǹtajà mẹ́wàá lè rí i níkẹyìn pé owó ìfiránṣẹ́ ti jẹ èrè rẹ̀. Ó sàn kí ẹ rà á lọ́wọ́ àwọn díẹ̀ tó ní púpọ̀ nínú ohun tí ẹ ń wá, kódà kí bíríkì kan fi díẹ̀ wọ́n lọ́dọ̀ wọn.

Odidi páálí ní tirẹ̀ gba gbogbo eléyìí lọ́rùn yín. Ẹnì kan ti ṣa á, ti kà á, ti dì í sínú ọ̀rá. Iṣẹ́ yẹn tó bẹ́ẹ̀ kó gba owó, mi ò sì bá ẹni tó sanwó fún un jà. Ẹni tí àkókò rẹ̀ kò tó, tàbí tó ń rà á fún ẹlòmíràn, èyí ni kó rà. Ẹ ṣáà bèèrè nǹkan mẹ́ta kí ẹ tó sanwó: ilé-iṣẹ́ wo ló ṣe bíríkì inú rẹ̀, ta ló dá àwòṣe náà, àti kí ni wọ́n máa ṣe tí ẹyọ kan bá sọnù. Ẹ má gbàgbé pé páálí tí ènìyàn kan dì nílé rẹ̀ kò la àyẹ̀wò ààbò ohun ìṣeré kọjá bíi ti ilé-iṣẹ́ ńlá. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ẹyọ kéékèèké.

Bíríkì LEGO, tàbí ti ilé-iṣẹ́ mìíràn?

Ọ̀rọ̀ yìí máa ń gbóná láàrin wa, mo sì fẹ́ sọ ọ́ bó ṣe rí. LEGO béèrè fún ìwé àṣẹ lórí bí bíríkì rẹ̀ ṣe ń so mọ́ra ní ọjọ́ 28 oṣù kìíní ọdún 1958. Àṣẹ yẹn ti parí tipẹ́. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ náà fẹ́ fi òfin àmì òwò dáàbò bo bíríkì fúnra rẹ̀, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Kánádà kò gbà á láyè ní 2005, ilé ẹjọ́ ìdájọ́ Ìṣọ̀kan Yúróòpù náà sì kọ̀ ọ́ ní 2010. Ẹnikẹ́ni ló lè ṣe bíríkì tó bá ti LEGO mu: mílímítà 8 láti àárín kókó kan tó yọ lórí bíríkì sí èkejì, mílímítà 9.6 ní gíga, kí ẹyọ pẹlẹbẹ mẹ́ta tí a tò lérí ara wọn ga dọ́gba pẹ̀lú bíríkì kan. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé gbogbo bíríkì tí kì í ṣe LEGO ni ayédèrú.

COBI ní Poland lórúkọ fún ọkọ̀ ogun, wọ́n sì ń tẹ àwòrán sára bíríkì wọn dípò sítíkà. GoBricks ní Ṣáínà ló wà nínú ọ̀pọ̀ páálí MOC tó dínwó lónìí, bíríkì wọn sì ń di ara mú dáadáa. Tí mo bá fi wọ́n wé ti LEGO, ìyàtọ̀ tó ṣì kù wà ní ibi mẹ́ta. Ó máa ń rọrùn láti rí bíríkì LEGO méjì tí àwọ̀ wọn jọra, bó tiẹ̀ jẹ́ pé ọdún tí wọ́n ṣe wọ́n jìnnà síra, yàtọ̀ sí eérú àti búráùn tí mo sọ lókè. LEGO ṣeé tún tà lówó gidi. Lẹ́yìn náà, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ olólùfẹ́ LEGO kì í gba bíríkì mìíràn níbi àfihàn wọn. Tí ẹ bá fẹ́ àwòṣe ńlá aláwọ̀ eérú tó máa jókòó sórí pẹpẹ láìkúrò níbẹ̀, mi ò rí ìdí tí ẹ ó fi san ìlọ́po owó. Fún ohun tó ń yí, tó ń gùn, tó ní jíà nínú, LEGO ni mo fara mọ́.

Ohun tí mi ò lè fara mọ́ ni olè. Bíríkì tó jọra kò lòdì sófin, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọpọlọ oníṣẹ́ ní olówó. Lepin, ilé-iṣẹ́ kan ní Ṣáínà tí àwọn ọlọ́pàá Shanghai ya wọ ibi iṣẹ́ rẹ̀ ní 2019, da páálí LEGO kọ, ó sì da MOC àwọn olólùfẹ́ kọ pẹ̀lú, láì san nǹkankan fún wọn. Irú òwò bẹ́ẹ̀ ṣì wà lábẹ́ orúkọ mìíràn. Ẹ lè dá a mọ̀: àwòrán rẹ̀ dára, owó rẹ̀ kéré, kò sì sí orúkọ oníṣẹ́ kankan níbẹ̀. Ẹ wá àwòrán náà lórí Rebrickable. Tí oníṣẹ́ bá wà níbẹ̀, ẹ ra ìlànà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ wá mú àkọsílẹ̀ náà lọ sọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni tó bá wù yín fún bíríkì.

Ṣé wọ́n tò ó rí?

Ọ̀pọ̀ MOC tí ẹ ń rí kò tíì sí láyé, inú kọ̀ǹpútà ló wà. Kò sí ohun tó burú nínú ìyẹn. Láti ìgbà tí James Jessiman ti gbé ètò kọ̀ǹpútà LDraw jáde ní 1995 la ti ń fi kọ̀ǹpútà to bíríkì, Studio, irú ètò bẹ́ẹ̀ tí BrickLink ń pín lọ́fẹ̀ẹ́, sì máa ń kìlọ̀ tí bíríkì méjì bá wọ inú ara wọn tàbí tí àwọ̀ kan kò bá sí fún ẹyọ kan. Ṣùgbọ́n ìyẹ́ bàlúù kì í tẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà, ọwọ́ ènìyàn kì í sì í tóbi jù fún ihò kan. Ẹ bèèrè fọ́tò àwòṣe tí wọ́n tò pẹ̀lú bíríkì gidi, pàápàá láti ẹ̀yìn àti láti ìsàlẹ̀. Tí kò bá sí, ẹ ka ọ̀rọ̀ àwọn tó ti tò ó. Èmi kì í ra èyí tó ju ẹyọ 1,000 lọ tí ẹnikẹ́ni kò tíì tò.

Tó bá jẹ́ ilé ìgboro lẹ fẹ́ kó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ilé LEGO tí ẹ ti ní, ẹ wo ìdí rẹ̀. Láti ìgbà Café Corner ní 2007 ni LEGO ti ń kọ́ àwọn ilé yẹn lé pẹpẹ ìsàlẹ̀ tó ní kókó 32 sí 32, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà 25.6 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ihò tí wọ́n fi ń so wọ́n mọ́ra lẹ́gbẹ̀ẹ́. MOC tí ihò rẹ̀ kò bá sí níbi kan náà kò ní so mọ́ wọn.

Èyí tí wọ́n ti tò tán

Owó iṣẹ́ ọwọ́ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ó tọ́ sí ẹni tó fẹ́ ohun àfihàn fún ọ́fíìsì tàbí àwòṣe ilé tirẹ̀ gan-an. Ẹ bèèrè bóyá wọ́n lẹ̀ ẹ́ pọ̀ pẹ̀lú gọ́ọ̀mù, nítorí èyí tí wọ́n bá ti lẹ̀ kò ṣeé tú tàbí tún ṣe mọ́. Ẹ gbé e jìnnà sí oòrùn, torí ó máa ń sọ funfun di pípọ́n rẹ́súrẹ́sú. Tí ẹ bá fẹ́ fọ bíríkì rẹ̀, kí omi má gbóná ju 40°C lọ.

Èyí tí LEGO fúnra rẹ̀ gbé jáde

Lórí LEGO Ideas, ìkànnì tí àwọn olólùfẹ́ ń gbé iṣẹ́ wọn sí fún ìdìbò, iṣẹ́ olólùfẹ́ tó bá rí 10,000 alátìlẹ́yìn ni wọ́n ń gbé yẹ̀ wò, díẹ̀ nínú wọn ló sì ń di páálí. Àwọn ayàwòṣe LEGO á tún un ṣe, nítorí náà ohun tí ẹ máa rà lè má jọ ohun tí ẹ dìbò fún. Oníṣẹ́ ń gba ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó títà. BrickLink Designer Program, ètò tí BrickLink fi ń sọ iṣẹ́ olólùfẹ́ di páálí, sún mọ́ MOC ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí bíríkì tó ti wà tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń lò, iṣẹ́ náà sì máa ń jọ ti oníṣẹ́ dáadáa. Bíríkì LEGO gidi, iṣẹ́ olólùfẹ́, owó dé ọwọ́ oníṣẹ́: tí mo bá ní kí n yan ọ̀kan fún ẹni tí kò fẹ́ wàhálà, òun ni mo máa yàn. Àkókò díẹ̀ ni wọ́n fi ń gba ìbéèrè sílẹ̀, iye tí wọ́n ń ṣe sì ní ààlà. Ẹni tó bá pẹ́, ọwọ́ àwọn tó rà á pamọ́ ló ti máa rà á, ní iye tí wọ́n bá pè é.