Ìkìlọ̀ fún ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ lọ wo bọ́ọ̀lù ní Vélodrome, ní ìlú Marseille

Ẹ̀yin ará mi, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù bíi tèmi, tí ẹ sì máa ń sọdá sí ilẹ̀ Faransé lọ wo bọ́ọ̀lù, gbájúẹ̀ kan wà lórí WhatsApp tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì pápá ìṣeré Vélodrome. Yorùbá tó dán mọ́rán ló fi ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀. Ó gba 190 yúrò lọ́wọ́ mi ní oṣù Kejì fún ìjókòó méjì tí èmi àti ọmọ mi kò jókòó sí. Mo ti gbà pé owó náà ti lọ, n kì bá sì ti tún máa sọ ọ́ síta, àmọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo tún rí ìpolówó rẹ̀, ìjókòó mẹ́rin ló ń tà lọ́tẹ̀ yìí.

Láti ìgbà tí Taye Taiwo, agbábọ́ọ̀lù ọmọ Nàìjíríà, ti wà nínú ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Marseille, láàárín 2005 sí 2011, ni mo ti ń tẹ̀lé ẹgbẹ́ náà. Ẹ̀yin tí ẹ bá rántí ẹsẹ̀ òsì rẹ̀, bó ṣe máa ń ta bọ́ọ̀lù bí ẹni yìnbọn, yóò yé yín ìdí tí mo fi jókòó ti tẹlifíṣàn títí wọ́n fi gba ife ẹ̀yẹ líìgì ní 2010. Mo ti ṣèlérí fún ọmọ mi ọkùnrin, tó jẹ́ ọmọ ọdún 13 báyìí, pé a óò jọ lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ kan. Inú ẹgbẹ́ àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù tó jẹ́ ọmọ Yorùbá ni mo ti béèrè bí mo ṣe lè rí tíkẹ́ẹ̀tì ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ Marseille pẹ̀lú Lyon, kí n tó fi fóònù sílẹ̀ ni ọkùnrin yìí ti kọ̀wé sí mi níkọ̀kọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi" ló ń pè mí láti ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́. Ó ní òun ti lo ọdún 11 ní Marseille, pé òun ní tíkẹ́ẹ̀tì méjì tó wà fún odindi sáà bọ́ọ̀lù, ṣùgbọ́n bàbá ìyàwó òun ṣaláìsí, àwọn sì ń lọ sílé fún ìsìnkú. Ta ni yóò máa tú ọ̀rọ̀ ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ wò? Mo tilẹ̀ kí i kú àṣẹ̀yìndè. Nígbà tí mo béèrè ọ̀nà, ó ní kí a wọ ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ ti ìlà kejì láti ibùdó Saint-Charles, kí a sọ̀ kalẹ̀ ní Rond-Point du Prado, kí a má ṣe dé Sainte-Marguerite Dromel tó jẹ́ ìdíkọ̀ ìkẹyìn, nítorí ẹ̀yìn apá gúúsù pápá ni yóò já wa sí. Gbogbo rẹ̀ ni òótọ́. Òótọ́ tí ẹnikẹ́ni tó bá ní máàpù lọ́wọ́ lè sọ yẹn gan-an ló fi dẹ mí.

A dé Marseille ní ọjọ́ Sátidé. Ní alẹ́ ọjọ́ kejì, bí a ṣe yọ láti abẹ́ ilẹ̀ ni òrùlé funfun Vélodrome yọ sí wa, ó ń ru bí ìgbì òkun. Láti 1937 ni pápá náà ti wà, ó gba 67,394 ènìyàn, ṣùgbọ́n òrùlé yìí kò pẹ́ púpọ̀, nígbà tí wọ́n ń múra sílẹ̀ de ìdíje ilẹ̀ Yúróòpù ti 2016 ni wọ́n kọ́ ọ, wọ́n sì parí rẹ̀ ní 2014. Ṣáájú ìgbà náà, orí àwọn òǹwòran ni afẹ́fẹ́ líle tí wọ́n ń pè ní mistral máa ń fẹ́ lé. Ọmọ mi ti ń ya fọ́tò lọ́tùn-ún lósì. Wọ́n yẹ ara wa wò, a kọjá, a dé ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ ka tíkẹ́ẹ̀tì. Obìnrin tó wà níbẹ̀ na ẹ̀rọ sí fóònù mi, ó fi ìka nu ojú fóònù náà, ó tún na ẹ̀rọ sí i.

Ọmọ mi ní, "Dádì, kí ló dé tí iná tiwa fi pupa?"

Obìnrin náà ṣàlàyé fún wa pé ẹlòmíràn ti fi tíkẹ́ẹ̀tì náà wọlé ní nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú sẹ́yìn. Mo ṣì ń ṣàròyé lọ́wọ́ nígbà tí iná pupa tún tàn ní ẹnu ọ̀nà kejì, níbi tí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin méjì láti ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù dúró sí. Nígbà tí wọ́n da gbogbo wa sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, a gbé fóònù sí ara wọn: ìlà 14, ìjókòó 31 àti 32, bákan náà. Owó tiwọn ju tèmi lọ, nítorí pé ó tún ti gba 30 yúrò lọ́wọ́ wọn lẹ́yìn náà, ó ní wọ́n ti sún aago ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ náà, àfi kí òun tún tíkẹ́ẹ̀tì gbà.

Ohun tó yẹ kí gbogbo wa mọ̀ ni pé àmì QR tó wà lára tíkẹ́ẹ̀tì nìkan ni ẹ̀rọ ẹnu ọ̀nà ń kà, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló sì ń gbà á. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló wọlé. Nítorí náà, tíkẹ́ẹ̀tì náà lè jẹ́ ojúlówó pátápátá, kí olè sì ta àwòrán rẹ̀ fún ogún ènìyàn. Bí ẹnì kan bá ya àwòrán tíkẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ sí yín, ohun kan náà ló ṣì kù sí ọwọ́ òun náà. Èmi tí mo ń mú àwòrán náà tóbi lójú fóònù, tí mo ń wo àmì ẹgbẹ́ àti orúkọ apá pápá bóyá wọ́n pé, ibi tí ẹ̀tàn náà kò sí ni mo ti ń wá a.

Àwọn nǹkan kan wà tó yẹ kó ta mí lólobó. Ó sọ pé òun kò fẹ́ jèrè, síbẹ̀ 35 yúrò ló wà lára tíkẹ́ẹ̀tì tó ta fún mi ní 95. Ó ní kí n fi owó ránṣẹ́ lórí PayPal bí ẹni ń fún ẹbí tàbí ọ̀rẹ́ lówó, kí wọ́n má baà yọ owó iṣẹ́ níbẹ̀. Kí gbogbo ayé gbọ́ o: owó tí ẹ bá fi ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀, PayPal kò ní dáàbò bò yín bí ọjà kò bá dé, báńkì mi náà sì ní kò sí ohun tí àwọn lè ṣe. Nígbà tí mo ní kó jẹ́ kí a rí ojú ara wa lórí fóònù, ó ní ilé òkú ni òun wà.

Ọ̀rọ̀ pé wọ́n sún ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀, olè mọ ìdí tó fi ń lò ó. Wọ́n lè kéde pé òpin ọ̀sẹ̀ kan ni wọ́n máa gbá bọ́ọ̀lù, kó tó di pé wọ́n sọ ọjọ́ àti aago rẹ̀ gan-an, àwọn aláìsùúrù bíi tèmi á sì ti ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú. Nígbà mìíràn ọjọ́ náà gan-an ni nǹkan máa ń bàjẹ́. Ní 29 oṣù Kẹwàá 2023, wọ́n sọ òkò lu bọ́ọ̀sì àwọn agbábọ́ọ̀lù Lyon nígbà tí wọ́n ń bọ̀ ní Vélodrome, Fabio Grosso tó jẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn nígbà náà farapa lójú, ó sì di 6 oṣù Kejìlá kí wọ́n tó gbá bọ́ọ̀lù náà. Ẹ̀yin tí ẹ bá ń bá ẹgbẹ́ àlejò lọ, ẹ tún fi kún un pé ìjọba àdúgbò lè fi òfin de àwọn alátìlẹ́yìn àlejò, wọ́n sì máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ dáadáa ní ilẹ̀ Faransé.

Àwọn tó ń rọra sọ "tíkẹ́ẹ̀tì, tíkẹ́ẹ̀tì" létí ènìyàn ní Rond-Point du Prado kò sàn ju ti orí WhatsApp lọ. Láti oṣù Kẹta 2012 ni òfin Faransé ti sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti máa ta tíkẹ́ẹ̀tì ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ bí òwò láìgba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn tó ṣètò rẹ̀: owó ìtanràn lè tó 15,000 yúrò, ó sì lè di 30,000 bí ẹni náà bá tún un ṣe. Ojú òpó ẹgbẹ́ Marseille fúnra rẹ̀ ni kí ẹ ti ra tíkẹ́ẹ̀tì. Bí kò bá sí níbẹ̀ mọ́, ẹ fi owó yín sápò.

Ní òwúrọ̀ Mọ́ńdè mo lọ fẹjọ́ sùn ní àgọ́ ọlọ́pàá. Wákàtí mẹ́ta gbáko ni a lò, wọ́n sì gba ẹ̀dà gbogbo ọ̀rọ̀ tí a jọ sọ, nítorí náà bí ó bá ṣẹlẹ̀ sí yín, ẹ má fi ìbínú pa ohunkóhun rẹ́ nínú fóònù. Ìlú náà kò ṣẹ̀ mí o. A gun òkè lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Notre-Dame de la Garde, a sì jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ dídín ní àdúgbò Noailles. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ náà ńkọ́? Inú ilé ọtí kan nítòsí pápá ni a ti wò ó, àwa àti àwọn ará Bẹ́ljíọ̀mù. Ariwo góòlù máa ń ti pápá dé etí wa kí bọ́ọ̀lù tó wọ àwọ̀n lórí tẹlifíṣàn, ọmọ mi á sì wò mí lójú, n kò sì ní mọ ohun tí n ó sọ.

Ẹ ṣọ́ ọkùnrin náà. Fọ́tò ọmọ kékeré kan tó wọ jẹ́sí Marseille ló wà lójú àkáǹtì rẹ̀, "Ẹ kú ìrìn o, ẹ̀gbọ́n mi" ló fi máa ń bẹ̀rẹ̀, ẹnì kan á sì máa kú mọ́ ọn lọ́wọ́ ní ọ̀sẹ̀ ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀. Bó bá fi ìlà 14, ìjókòó 31 àti 32 lọ̀ yín, àwa mẹ́rin ti sanwó ibẹ̀.