Ẹ ṣọ́ra fún àwọn tó ń kó èèyàn lọ Kútọnu ní àlọ-àbọ̀ ọjọ́ kan

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka èyí kí ẹ tó fowó ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni tó bá ní òun máa kó yín lọ Kútọnu láàárọ̀, kí òun sì kó yín padà sí Èkó lálẹ́. Ọkùnrin kan wà tó ń polówó irú ìrìn àjò yìí lórí WhatsApp. Ó ní owó kan ṣoṣo ló kó gbogbo ẹ̀ pọ̀: mọ́tò láti Mile 2, òntẹ̀ páspọ́ọ̀tù, ọkọ̀ ojú omi lọ sí Ganvié, abúlé tí wọ́n kọ́ sórí omi, àti oúnjẹ ọ̀sán. Àbúrò mi obìnrin àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá a lọ. Jìbìtì ló lù wọ́n.

Kí wọ́n tó dé Àgbádárìgì, ó ti gba páspọ́ọ̀tù lọ́wọ́ gbogbo wọn. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má sọ̀ ní ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀, òun á bá wọn lu òntẹ̀. Nígbà tó yá, ó padà wá, ó ní ẹni tí páspọ́ọ̀tù rẹ̀ ò bá tíì ní òntẹ̀ kankan rí gbọ́dọ̀ fi ₦15,000 kún un. Wọ́n san án. Ọ̀sán ti pọ́n kí àbúrò mi tó rí tirẹ̀ gbà. Nígbà tó ṣí i, òntẹ̀ ìjáde Nàìjíríà wà níbẹ̀, ti ìwọlé Bẹ̀nẹ̀ ò sí. Bí wọ́n ṣe ń bọ̀ nírọ̀lẹ́, wọ́n dá wọn dúró pé báwo ni wọ́n ṣe wọ ìlú. Ọkùnrin yìí tún ní kí wọ́n dáwó jọ kí òun fi bá wọn bẹ̀bẹ̀. Òun ló dá wàhálà sílẹ̀, òun náà ló tún ń gbowó ẹ̀!

Ọmọ ECOWAS, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, ni wá o. Láti ọdún 1979 ni àdéhùn ti wà pé a lè wọ orílẹ̀-èdè ara wa láì gba físà, ká sì lo tó 90 ọjọ́. Ìwé ìrìnnà tí ọjọ́ rẹ̀ ò tíì kọjá àti yẹ́lò káàdì, ìwé abẹ́rẹ́ àjẹsára, ni àdéhùn yẹn béèrè. Kò sọ pé páspọ́ọ̀tù tuntun ní owó tirẹ̀. Ẹ sọ̀kalẹ̀ fúnra yín. Láti ọdún 2018, ọgbà kan náà ni wọ́n kọ́ fún àwọn òṣìṣẹ́ ìlú méjèèjì ní ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀, kò jìnnà síra. Ẹ má kúrò níbẹ̀ láì rí òntẹ̀ ìjáde àti ti ìwọlé, lálọ àti lábọ̀. Bí ti àbọ̀ kò bá sí, ohun tí páspọ́ọ̀tù yín ń sọ ni pé ẹ jáde ní Nàìjíríà, ẹ ò padà wá mọ́.

Ọkùnrin yìí tún ń ṣẹ́ náírà sí sẹ́fà, owó tí wọ́n ń ná ní Bẹ̀nẹ̀, fún wọn nínú mọ́tò. Ẹ wo ọwọ́ rẹ̀ dáadáa: á ká ìwé owó 1,000 sẹ́fà kan sí méjì sáàárín ìdì, etí nìkan ló máa ń kà, ìwé kan á wá di méjì. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ àbúrò mi gba 5,000 tí ìyá ẹlẹ́ja kan ní ọjà Dantokpa kọ̀ jálẹ̀, torí sẹ́fà Kamẹrúùnù ni. Oríṣi méjì ló wà. Èyí tí wọ́n ń ná ní Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò, "Afrique de l'Ouest" ló wà lára rẹ̀. Bí ẹ bá rí "Afrique Centrale", ẹ dá a padà lójú ẹsẹ̀.

Ganvié tó tìtorí ẹ̀ gbowó, wọn ò fojú kàn án. Abomey-Calavi lèèyàn ti ń wọkọ̀ ojú omi lọ síbẹ̀, mọ́tò rẹ̀ ò tiẹ̀ yà sí ọ̀nà yẹn.

Bí ẹ bá ti fowó sílẹ̀ fún irú ìrìn àjò yìí, ẹ pe ẹni tó gbà á lónìí. Ẹ sọ fún un pé ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa mú páspọ́ọ̀tù yín lọ síwájú òṣìṣẹ́. Bó bá ní kò ṣeé ṣe, ẹ gbowó yín.